Àpò Ìbàdí Bùkọ́la: Lẹ́tà sí Ìyá Mi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìtọ́jú ilé Bàbá wa tí ẹ kò jẹ́ kí ewéko bò. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí mo wà yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ ti na ọwọ́ sí orí mi. Káyọ̀dé àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Ìyá létí, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Òdogbolú. Rọra kà á o. Má fo ibì kankan, má sì fi tìrẹ kún un. Bí o bá kà á tán, mú un fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ìjọ kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi nìkan kọ́ ni ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń dàgbà lókè òkun, ẹlòmíràn lè rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀.

Màámi, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ẹ rántí pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kíláàsì àgbà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ń bi mí lójú ọ̀nà pé kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi ìwé ṣe, pé ṣé akọ̀wé kóòtù ni mo fẹ́ dà. Mo dá wọn lóhùn pé ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni. Lónìí, n kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ohun tó wà nínú mi. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú mi lónìí, n kò lè pè é fún ẹlòmíràn kọ.

Àyà mi ń já. Bùkọ́la, àkọ́bí Ṣadé ọmọ mi, ti lọ gun òkè pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Àná ni wọ́n lọ, ọ̀la ni wọn yóò dé. Wọn yóò rìn, wọn yóò pọ́nkè, wọn yóò sì sun inú àgọ́. Gbogbo ohun tí ọmọ náà yóò jẹ àti ohun tí yóò fi bora, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó gbé e sí. Ẹ sì mọ àìsàn rẹ̀, èyí tí í há èémí mọ́ ọn láyà, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Bí ó bá ti dé, ike kékeré kan ni ó máa ń fi sí ẹnu, á tẹ̀ ẹ́, oògùn inú rẹ̀ á sì fẹ́ wọ àyà rẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tètè tó ike yẹn, ó bùṣe. Bí kò bá tètè tó o, Màámi, n kò ní parí gbólóhùn yẹn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Àpò tí ike náà wà nínú rẹ̀, èmi ni mo rán an. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbádùn láti àná nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú Ṣẹ́fíìdì tí a ń gbé nílẹ̀ òyìnbó yìí, àárín òkè ni ó wà. Bí ẹ bá jáde nílé, ẹ ó gòkè. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ó tún gòkè, n kò mọ bí wọ́n ti ṣe é. Òtútù ti dé. Òjò ibí kò ní ìbínú bíi tiwa. Kò ní sán àrá, kò ní ya lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ilé lọ. Oòrùn a máa yọjú bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun kò jókòó. Ṣadé wà nílé ìwòsàn tí ó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, Délé ọkọ rẹ̀ wà nílé iṣẹ́ irin, àwọn ọmọ wà nílé-ìwé, èmi àti rédíò la jọ ń gbélé. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ mi. Ohun tó gbà mí là ni maṣíìnì ìránṣọ Ṣadé. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ mí, wọ́n ń gbé ṣòkòtò tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ wá bá mi, n kì í sì í fi ẹnu sọ púpọ̀, ọwọ́ mi ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ aṣọ rán tó mi lójú pópó yìí. Bí ọmọ ẹni bá dára ká wí, bí ọwọ́ ẹni náà bá dára, ẹ jẹ́ ká wí.

Nígbà tí Bùkọ́la kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òkè yìí, kò yé mi. Mo bi í pé oko ta ni wọ́n ń lọ. Ó ní kì í ṣe oko. Mo ní ṣé ọjà wà lókè ọ̀hún ni. Ó ní kò sí ọjà. Ó ní wọ́n á kàn gùn ún ni, wọ́n á wo ilẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Mo rántí bí èmi àti ẹ̀yin ti máa ń ti Ìbẹ̀fun rin wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, òṣùká lórí, agbọ̀n lórí òṣùká, tí a ń gbàdúrà pé kí ọkọ̀ kan dúró fún wa. Àwọn wọ̀nyí ní ọkọ̀, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ rìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo wà, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ṣadé ní ọmọ òun kò lọ. Tíṣà wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, wá sí ilé wá bẹ̀bẹ̀, ó ní òun yóò máa rìn nítòsí rẹ̀. Ni Ṣadé bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ní ọjọ́ yẹn, òkè báàgì ni wọ́n fi ike oògùn sí. Báàgì ọ̀hún tóbi, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n sí bí ọmọ. Atẹ́gùn fẹ́ lu ọmọ náà, àyà rẹ̀ há, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ẹ̀yìn, kò lè tú ìdè báàgì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bá a yọ oògùn jáde. Ilé ìdáná ni ó ti rọra sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n má sọ fún ìyá òun. Mo ní, Bùkọ́la, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ẹran tí à ń fi pamọ́ sí abẹ́ ẹ̀bà. Mo sọ ọ́ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ṣadé ní ó parí. Ọmọ náà kò jẹun. Nígbà tí mo lọ bá a, kò sunkún, èyí sì dùn mí ju ẹkún lọ. Ó ní, Màmá Àgbà, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ṣeré? Ó ní òun ni wọ́n máa ń kó kóòtù wọn fún kí òun bá wọn dì í mú. Ó ní òun fẹ́ jẹ́ ẹni tó bá wọn lọ síbì kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin náà mọ ọmọ yín. N kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Ní ọjọ́ kejì, tí gbogbo wọn ti jáde, mo gbé báàgì náà kọ́ ẹ̀yìn ara mi. Mo kó ìrẹsì àti ìwé ńláńlá sí i kó lè wúwo. Ó ní bẹ́líìtì fífẹ̀ kan tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí. Bí mo ti dì í, bẹ́ẹ̀ ni èjìká mi fúyẹ́, ó sì yé mi kíá, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ti ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́dìí. Èjìká kọ́ ló ń gbé ọmọ, ìbàdí ni. Mò ń rìn yí ká ilé ìdáná nínú ìró àti báàgì ni Délé ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní Màmá, ṣé ẹ ti bínú, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn dé Ìjẹ̀bú-Òde ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì máa dé kí ìwọ ọmọ Èkìtì tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti rí i pé bí ènìyàn bá di bẹ́líìtì náà, tí ó sì ju ọwọ́ sílẹ̀, orí bẹ́líìtì gan-an ni ọwọ́ ń bọ́ sí. Kí ló dé tí kò sí àpò níbẹ̀? Délé ní àwọn kan ń tà á nílé ìtajà àwọn tó ń gun òkè. Ó lọ wò ó, ó ní bẹ́líìtì báàgì yìí fẹ̀ ju èyí tó lè gba ìkọ́ àpò wọn kọjá lọ. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Kí ni mo wá ń fi maṣíìnì ṣe?

Báàgì ilé-ìwé ni wọ́n yá ọmọ náà, a kò gbọdọ̀ gún un lábẹ́rẹ́. Nítorí náà mo ní n ó rán àpò tó dá dúró, n ó fi ìkọ́ aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí bẹ́líìtì lè gba inú ìkọ́ náà kọjá. Kóòtù òjò Délé tó ti gbó ni mo gé, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ onírun múlọ́múlọ́ sí inú kí ike má baà máa gún un lára. Mo rán ti ọ̀tún fún oògùn, ti òsì fún tọ́ọ̀ṣì àti súìtì. Nígbà tí mo parí wọn, mo gbé wọn kọ́ ẹ̀yìn àga ní pálọ̀ kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí wọn. Ṣadé fà á, kò já. Tíṣà wọn gbé e yẹ̀ wò, ó ní kò sí irú ìránṣọ báyìí ní ṣọ́ọ̀bù. Bùkọ́la dúró ní pálọ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ oògùn. Orí mi wú.

Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ rántí àpò owó tí ẹ kọ́ mi láti máa dè sábẹ́ ìró, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ná ọjà Òkè-Ajé. Ẹ ní ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ara, kí okùn ẹnu rẹ̀ sì fún pinpin, nítorí ẹni tó bá jẹ́ kí ayé rí ẹnu àpò rẹ̀ ti ránṣẹ́ pe olè. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi kò ti mọ àpò mìíràn rán. N kò rò ó, n kò bi ara mi léèrè. Mo dojú ẹnu àpò oògùn ọmọ kọ ìbàdí rẹ̀, mo fi okùn sí i, mo sì fún un pinpin.

Ní pálọ̀ tí ó ti dán an wò, bẹ́líìtì dẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní òfìfo. Ọpẹ́lọpẹ́ Ṣadé tó ní kí a di ẹrù sí báàgì dáadáa, kí ọmọ wọ ìbọ̀wọ́ òtútù, kó sì gun ọ̀nà iwájú ilé wa dé òkè. A bá a lọ. Bí a ti dé òkè, mo ní kó mú oògùn rẹ̀ jáde. Bẹ́líìtì ti lẹ ẹnu àpò mọ́ ọn lára pátápátá. Ìka rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́ kò rí okùn mú, nígbà tó sì rí i mú, bó ti ń fà á ló tún ń le sí i. Ojú rẹ̀ yí padà. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí àìsàn náà. Ṣadé já ìdè báàgì, ó bá a yọ oògùn.

Délé rí i bí ojú mi ti rí, ó fẹ́ fi àwàdà tù mí nínú. Ó ní, Màmá, Ìjẹ̀bú ni yín lóòótọ́, owó lẹ rán àpò yìí fún! Olè wo ló fẹ́ gun òkè wá bá ọmọ náà? Bùkọ́la rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣadé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, Màmá, oògùn ì bá wà ní ìbàdí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì tó o. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èmi àgbàlagbà ni mo lọ rán akèrègbè fún ọmọdé.

Mo tú u. Mo yí ẹnu rẹ̀ sókè, mo dojú rẹ̀ kọ ìta, kí gbogbo ayé rí i bó bá wù wọ́n. Mo yọ okùn. Délé bá mi ra irú aṣọ kan tí wọ́n ń tà níbí, tí apá rẹ̀ méjèèjì máa ń lẹ̀ mọ́ra bí èèmọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀, bí a bá sì fà á, á dún ṣàà, á yà. Mo fi ṣe ìdérí, mo fi etí gígùn sí i kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ lè rí nǹkan dì mú. Ẹ̀rù tún bà mí pé ohun tó ń tètè ṣí lè ṣí fúnra rẹ̀ kí ike sì já bọ́ sínú igbó, mo bá fi okùn so ike mọ́ inú àpò, mo sì jẹ́ kí okùn náà gùn tó láti dé ẹnu rẹ̀. A dán an wò. Ó dijú, ó ṣí i. Ó tẹ̀, ó ṣí i. Mo ní kó tún ṣí i, ó ní Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń sùn pàápàá mo lè ṣí i. Ṣadé ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó máa lọ.

Ó lọ lánàá. Nígbà tí mo ń kó abẹ́rẹ́ mi jọ ni mo rí òwú líle tí mo ti yọ sílẹ̀ láti fi tún ìdí àwọn ìkọ́ ẹ̀yìn àpò rán. Mo mọ̀ pé mo ti tún ti àpò kan rán. N kò mọ̀ bóyá ti ọ̀tún ni tàbí ti òsì. Mo ti jókòó, mo ti ronú, mo ti fi ọwọ́ ṣe é nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń rán an, n kò rántí. N kò sọ fún Ṣadé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òjò náà kò dá. Tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀kan, mo sáré gbé e: Ṣadé ni láti ibi iṣẹ́, tó ń béèrè bóyá tẹlifóònù ti dún. Ó tún dún, òun náà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má pè mọ́, pé bí ó bá tún pè, èmi ni wọn yóò gbé wá bá a nílé ìwòsàn.

Màámi, mo gbé kálàmù sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mìíràn ni mo tún mú un.

Wọ́n ti dé. Ó wà láàyè, ó ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, imú rẹ̀ pupa bí ti òyìnbó. Kí ó tó bọ́ báàgì sílẹ̀ ni mo ti na ọwọ́ sí àpò ọ̀tún. Ìkọ́ kan ti já. Ọ̀tún náà ni n kò tún rán. Ìkọ́ kejì ló dì í mú, ọmọ náà sì ti fi okùn bàtà so ibi tó já mọ́ bẹ́líìtì. Ó ní bí wọ́n ti ń bẹ́ láti orí òkúta kan bọ́ sí òmíràn ni ó já, òun rí i, òun so ó, òun ń bá ìrìn òun lọ.

Mo bi í nípa èémí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wá. Ó ní nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òkè pátápátá ni, atẹ́gùn sì pọ̀ débi pé òun kò gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Òun fà á, ó dún ṣàà, òun fi oògùn sẹ́nu. Òun jókòó sí orí òkúta. Tíṣà wọn bi í bóyá kí wọ́n yí padà. Ó ní òun sọ fún un pé kó jẹ́ kí òun mí ná. Wọ́n dúró dè é, gbogbo wọn, nínú òjò, kò sì sí ẹni tó kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gùn ún. Mo bi í pé kí ni wọ́n rí lókè. Ó ní ìkúukùu ni, wọn kò rí nǹkan kan. Ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún ilé.

Ó wá sọ pé tí òtútù bá lọ tán, wọ́n tún ń lọ, pé èyí yóò jìn ju èyí lọ. Délé ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ṣadé kò wo ọmọ rẹ̀, èmi ló yíjú sí, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Màámi, mo ti tọ́ ọmọ, n kò mọ ìgbà tí ọmọ tí mo bí di ẹni tó ń dúró kí n dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa lọ.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Àyà mi kò tíì gbà. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ nínú àdúrà yín, bóyá yóò gbọ́ tiyín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà. Ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí àwọn tí a jọ kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà, ẹ ní mi ò tíì di akọ̀wé kóòtù. Ẹ kí àwọn ará wa ní Ìbẹ̀fun. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu yín, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò ní kọsẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá sì ń ka èyí, tí ẹ̀yin náà ní ẹni kan lọ́nà, ẹni yín yóò dé, ojú yín yóò sì rí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá, ìyá Ṣadé.